Oyún Oṣù Mẹ́rin, Sìgá Ìkọ̀kọ̀

  Lẹ́tà tó wọlé lọ́sẹ̀ yìí pọ̀. Ẹni tí onílé fẹ́ lé jáde kọ̀wé, ẹni tí ọkọ ẹ̀ kò fún lówó oúnjẹ kọ̀wé, kódà bàbá kan kọ ojú ewé mẹ́fà nítorí ewúrẹ́ aládùúgbò. Gbogbo yín ni màá dá lóhùn, ẹ ṣe sùúrù fún mi. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan wà nínú wọn tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹta. Láti Alákìá ló ti wá, lọ́nà pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìbàdàn. Ẹni tó kọ ọ́ bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ òun, mi ò sì ní dárúkọ ẹ̀. Ohun tó kọ rèé:

“Àǹtí akọ̀ròyìn, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí, oúnjẹ ni mò ń tà nítòsí gáréèjì. Oyún oṣù mẹ́rin ló wà nínú mi. Oyún kẹta nìyí, ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní lọ́wọ́. Àǹtí, mò ń mu sìgá. Ilé ọtí tí mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó lọ́kọ ni mo ti kọ́ ọ. Ọkọ mi kò mọ̀. Ẹ̀yìn ilé ìyàgbẹ́ ni mo ti ń mu ún láàárọ̀, tó bá tún di alẹ́, màá ní mo fẹ́ lọ da omi ìdọ̀tí nù. Màá lá TomTom kí ẹnu mi má baà rùn. Látìgbà tí mo ti mọ̀ pé mo fẹ́ra kù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi í sílẹ̀. Ti àkọ́kọ́, ọjọ́ méjì. Ti ìkejì, ọjọ́ mẹ́rin. Ti ìkẹta, ọjọ́ kan péré. Lọ́jọ́ yẹn, mo na ọmọ mi tí kò ṣe nǹkan kan, ni mo bá jókòó, mo sunkún, mo sì rán ọmọ aládùúgbò lọ ra igi kan wá. Ìyá kan lọ́jà ní kí n máa lo aáṣáà dípò ẹ̀, ó ní ìyẹn kò ní èéfín. Nígbà tí mo lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní kíníkì, wọn ò bi mí, èmi náà ò sì sọ. Ṣé wọ́n ti ṣe mí ni? Àbí mo ti burú ju ẹni tó yẹ kó bímọ lọ?”

Ibi tó parí ẹ̀ sí nìyẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń sọ báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sídìí ata, mo ń gbọ́ yín. “Obìnrin! Sìgá! Kẹ̀ kẹ̀, ayé ti bàjẹ́.” Ẹ dákun, ẹ dákẹ́ ná. Ṣebí nítorí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni kò fi lè yanu sọ fún nọ́ọ̀sì. Lọ́dọ̀ wa níbí, bí ọkùnrin bá ń mu sìgá, wọ́n á ní ó ń mu sìgá, ó tán. Bí obìnrin bá mu ún, wọ́n á ní aṣẹ́wó ni, wọ́n á ní kò nílé ẹ̀kọ́. Èéfín kan náà ni o. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ lójú lẹ́yìn sì mọ̀ pé àwọn ìyá àgbà kan wà láyé àtijọ́ tí wọ́n ń fi ìkòkò mu tábà lójú agbo, tí wọ́n ń ki aáṣáà sétè bí wọ́n ṣe ń ta iṣu, tí ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n lórúkọkórúkọ.

Lọ́dún 2012, wọ́n ṣe ìwádìí kan káàkiri Nàìjíríà, èyí tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, bá ìjọba wa lọ́wọ́ sí. Ilé dé ilé ni wọ́n ń lọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé nínú 100 àgbà ọkùnrin, 10 ló ń lo tábà lọ́nà kan tàbí òmíràn. Ní ti àwọn obìnrin, nínú 1,000, 11 péré ni. Ẹ wo bó ṣe kéré tó! Ṣùgbọ́n àwọn tó jẹ́wọ́ nìyẹn o. Èmi ń bi yín, tí àlejò bá gbé bírò dání wọ ilé yín, tí ìyá ọkọ jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ta ni nínú yín tó máa ní, “Bẹ́ẹ̀ ni o, mò ń mu igi márùn-ún lójúmọ́”? Kódà ká ní iye yẹn pé pérépéré, bí Nàìjíríà ṣe tóbi yìí, àwọn obìnrin náà á kún pápá ìṣeré Liberty, á kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan ni, ẹ kì í ṣe ẹ̀yin nìkan.

Mo gbé lẹ́tà yìí lọ bá agbẹ̀bí àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lọ́nà Ẹgbẹ́dá. Ilé ìwé girama ni ẹ̀kọ́ tèmi dúró sí, mi ò kì í ṣe dókítà, torí náà mo ní kí màmá ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé. Màmá ká ọwọ́ aṣọ sókè.

Wọ́n ní, “Ṣé o mọ jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n máa ń tàn sí kọ̀rídọ̀, tí ilẹ̀ máa mọ́, tí wọ́n á bá odidi ìdílé nílẹ̀ tí wọ́n ti kú?” Mo ní mo mọ̀ ọ́n, mà. Wọ́n ní, “Gáàsì tó pa wọ́n yẹn, kò lóòórùn, kò láwọ̀. Òun náà ló wà nínú èéfín sìgá. Díẹ̀ ni, kò tó ti jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni.”

Wọ́n ní kí n wo ẹ̀jẹ̀ ìyá bí ọkọ̀ akérò. Atẹ́gùn rere tí ìyá ń mí sínú ni èrò. Láti ẹ̀dọ̀fóró lọ sí ibi ọmọ, ọkọ̀ ń já èrò, ó ń padà lọ gbé òmíràn. Ibi ọmọ yìí ni gáréèjì, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń gba tiẹ̀. Bí ìyá bá fa sìgá, gáàsì burúkú yẹn á sáré wọnú ọkọ̀, á jókòó sáyè èrò, kò sì ní í tètè sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, ṣùgbọ́n èrò tó yẹ kó gbé kò sí nínú ẹ̀. Níkótíìnì tó wà nínú tábà tún wà níbẹ̀ tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ìyẹn ni pé ọ̀nà fúnra ẹ̀ á tún há. Ọmọ tó wà nínú kò lè sọ̀rọ̀, kò lè ṣí fèrèsé. Ohun tó bá rí náà ló máa fi dàgbà.

Torí ẹ̀ ni ọmọ àwọn tó ń mu sìgá fi máa ń kéré. Bí ọmọ bá wálé ayé tí kò tó kílò méjì ààbọ̀, àwọn oníṣègùn á ní ìwọ̀n ẹ̀ kò tó, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ lójú méjèèjì, torí pé òtútù, àrùn àti àìlèfa-ọyàn-dáadáa tètè máa ń mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Oyún lè má pé oṣù kó tó wálẹ̀. Ibi ọmọ lè já kúrò lára ilé ọmọ nígbà tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ kò tíì tó, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà, kí ìyá àti ọmọ wà nínú ewu. Ọmọ lè kú sínú. Èyí tó bá sì wáyé láyọ̀, bí wọ́n bá ń mu sìgá lágbègbè ẹ̀, ó lè sùn kó má jí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó le ni. Mi ò lè fi ṣúgà sí i.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1957, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Winea Simpson, ní California l’Amẹ́ríkà, kó ìwé àwọn aláboyún bí ẹgbẹ̀rún méje àbọ̀ jọ, ó sì rí i pé àwọn tó ń mu sìgá ló ń bí àwọn ọmọ tí ìwọ̀n wọn kò tó jù. Lọ́dún kejì ẹ̀, nínú oṣù kẹta 1958, àwọn òyìnbó ìlú ọba kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀, ó tó bí ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí wọ́n ṣírò ẹ̀, ọmọ àwọn tó mu sìgá nínú oyún fi nǹkan bíi gíráàmù 170 kéré sí ti àwọn tí kò mu ún. Ẹ̀yin alátẹ, ẹ gbé agolo mílíìkì kékeré kan tó kún lé ọwọ́, ẹ wò ó. Bó ṣe tó nìyẹn. Lára àgbà, kò tó nǹkan. Lára ọmọ tuntun, nǹkan ńlá ni.

Mo bi màmá agbẹ̀bí léèrè ọ̀rọ̀ tí àwọn kan ń sọ, pé bí ọmọ bá kéré, ìrọbí á rọrùn. Màmá pòṣé. Wọ́n ní, “Ọmọ tí ebi afẹ́fẹ́ ti pa fún oṣù mẹ́sàn-án ni yóò wá lágbára àtijáde?” Mi ò tún béèrè mọ́.

Ìyá oníwèé, ẹ̀ ń bi mí bóyá sìgá ló fa oyún tó wálẹ̀. Ẹ ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i láàárín ìlà. Mi ò lè sọ pé òun ni, mi ò sì lè sọ pé kì í ṣe òun. Nǹkan tó ń ba oyún jẹ́ pọ̀: ibà ń bà á jẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bà á jẹ́, òmíràn wà tí dókítà pàápàá kì í rí ìdí ẹ̀. Ẹ má fi èyí tó ti lọ jẹ ara yín níyà. Èyí tó wà nínú ni ká jọ sọ.

Ohun tó wà nínú ìwé àwọn oníwàádìí dùn mọ́ mi fún yín. Lọ́dún 2009, wọ́n tẹ iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe ní New Zealand àti Australia lórí aboyún bíi 2,500. Àwọn tó fi sìgá sílẹ̀ kí oyún wọn tó pé ọ̀sẹ̀ 15, ọmọ wọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò mu ún rárá: kò kéré jù, kò sì yá ju oṣù ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ti kọjá ọ̀sẹ̀ 15 díẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n oṣù tó kẹ́yìn ni ọmọ máa ń sanra jù nínú ikùn, ìyẹn ni pé àkókò ṣì wà níwájú yín dáadáa. Gáàsì burúkú tí mo ní ó ń jókòó sáyè èrò yẹn sì rèé, láàárín ọjọ́ kan sí méjì tẹ́ ẹ bá ti fi í sílẹ̀, ó ti jáde nínú ẹ̀jẹ̀ yín.

Kò sẹ́ni tó ṣe yín o. Ẹ wo iye ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ: ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin àkọ́kọ́ ló sì burú jù nínú ẹ̀. Orí á máa fọ́, inú á máa bí ẹni, oorun á sá, ara á máa yánhànhàn. Ọjọ́ tí ara yín ń jà yín gan-an lẹ̀ ń padà síbẹ̀. Ẹni tó bá rọ́jú kọjá ibẹ̀, á rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ó ń rọlẹ̀. Ohun kan sì tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Ara aboyún máa ń tètè jó níkótíìnì dànù ju ti ẹni tí kò lóyún lọ. Bó bá ti tán lára kíá, kíá náà ni ara tún ń béèrè òmíràn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kì í ṣòro fún tẹ́lẹ̀ fi máa ń rí i pé oyún ló wá sọ ọ́ di ogun. Kì í ṣe ìwà burúkú. Ara ló rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aáṣáà wá ńkọ́? Ìyá mi lọ́jà tó gba ọmọ yìí nímọ̀ràn, ìfẹ́ lẹ fi sọ ọ́, ẹ kú ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ mọ́. Ewé tábà kan náà ni wọ́n gún kúná tí wọ́n po kánún mọ́. Kò ní èéfín lóòótọ́, torí náà gáàsì jẹnẹrétọ̀ yẹn kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níkótíìnì wà níbẹ̀ pitimu, ó ń gba imú àti ètè wọnú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ní ilẹ̀ Sweden níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi irú tiwọn sábẹ́ ètè, wọ́n ti rí i pé ọmọ tó ń kú sínú àti ọmọ tí oṣù wọn kò pé máa ń pọ̀ láàárín àwọn tó ń lò ó. Ẹni tó bá kúrò nídìí sìgá bọ́ sídìí aáṣáà, ó kúrò nínú yàrá, ó bọ́ sí pálọ̀ ni. Kò tíì jáde nílé.

Kí n má gbàgbé, ọmọ aládùúgbò tí ẹ rán lọ ra igi kan wá yẹn. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí tábà lọ́dún 2015 ní wọn kò gbọdọ̀ ta sìgá fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, wọn kò sì gbọdọ̀ já páálí tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ní odidi páálí, igi 20, ló kéré jù tí wọ́n lè tà. Mo fẹsẹ̀ rìn láti oríta Alákìá lọ sọ́nà Adégbáyì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Gbogbo ìsọ̀ tí mo dé tó ń ta sìgá ló ń tà á ní ẹyọ, àpótí ìṣáná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọmọdébìnrin kan tí mo bá nídìí ọjà ìyá ẹ̀ kò tíì tó ọdún 12 lójú tèmi. Ẹyọ kan yìí gan-an ni ọ̀tá ẹni tó fẹ́ fi í sílẹ̀. Ká ní odidi páálí ni ẹ fẹ́ rà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ sunkún yẹn, bóyá owó ò bá má tó, bóyá ẹ ò bá ronú. Ẹyọ kan kò gba ìrònú.

Bẹ́ẹ̀ ìlú sìgá nìlú wa. Lọ́dún 1933 ni àwọn òyìnbó dá ilé iṣẹ́ sìgá sílẹ̀ l’Óṣogbo, wọ́n dá ti Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1937, British American Tobacco sì tún ṣí ilé iṣẹ́ ńlá mìíràn n’Ìbàdàn lọ́dún 2003. Àwọn bàbá wa ní Ìṣẹ́yìn àti káàkiri Òkè-Ògùn gbin tábà, owó ẹ̀ rán ọ̀pọ̀ ọmọ níléèwé, ọ̀pọ̀ tó ń ka ìwé yìí sì jẹun nídìí ẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo kàn ń sọ pé kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ọmọbìnrin tó ń gbé ọtí fún oníbàárà n’Ìbàdàn kọ́ sìgá.

Ó yá, kí lẹ máa wá ṣe?

Ẹ sọ fún ẹnì kan. Èyí ni màmá agbẹ̀bí fi ìka gbá tábìlì sọ fún mi. Kíníkì ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. WHO sọ ọ́ lọ́dún 2013 pé kí wọ́n máa bi gbogbo aboyún léèrè, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bóyá ó ń lo tábà tàbí ó ti lò ó rí, àti bóyá ẹnikẹ́ni ń mu ún nílé ẹ̀. Bí wọn ò bá bi yín, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ. Ẹ dúró títí èrò á fi dín kù, kẹ́ ẹ ní, “Nọ́ọ̀sì, mò ń mu sìgá, mo fẹ́ fi í sílẹ̀, ẹ ràn mí lọ́wọ́.” Ó parí. Bí èyí tẹ́ ẹ bá bá pàdé bá bú yín, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ wá ìkejì ẹ̀. Ẹ má tìtorí ìtìjú ṣíwọ́ kíníkì o. Aboyún tó ń mu sìgá ló yẹ kó lọ jù, kí wọ́n lè máa wọn ikùn, kí wọ́n máa yẹ ìfúnpá wò.

Ẹ mú ọjọ́ kan. Kì í ṣe “lọ́jọ́ kan ṣá.” Ẹ ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ da gbogbo ẹ̀ nù, àti ìṣáná tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé ìyàgbẹ́, ẹ da ìyẹn náà nù. Ẹ má ní ẹ fẹ́ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí láé. Ẹni tó dín in kù sábà máa ń fa ìyókù jinlẹ̀ sí i, èyí tó yẹ kó dín kò sì dín tó bó ṣe rò.

Èyí tó wù yín láàárọ̀ àti èyí tó wù yín lálẹ́ ni kẹ́ ẹ gbógun tì. Ìyánhànhàn yẹn kì í ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, á ru sókè, á sì wálẹ̀, yálà ẹ mu ún tàbí ẹ ò mu ún. Kẹ́ ẹ wá nǹkan tí ọwọ́ àti ẹnu á máa ṣe títí tó fi máa kọjá. Ẹ rin pákò. Ẹ mu omi tútù. Ẹ jẹ ẹ̀pà, ẹ bó ọsàn. Kí ẹlòmíràn máa bá yín da omi ìdọ̀tí alẹ́ nù fún oṣù kan, torí ọ̀nà yẹn fúnra ẹ̀ ti mọ sìgá. Ẹ wá kóló kan, owó igi kọ̀ọ̀kan tẹ́ ò rà, ẹ sọ ọ́ sínú ẹ̀. Ẹrù ọmọ ló máa rà. Mo mọ ìyá kan ní Ìṣẹ́bo tó fi irú owó bẹ́ẹ̀ ra bẹ́sìn, aṣọ òtútù àti nápíkìn, ọkọ ẹ̀ sì ń béèrè ibi tó ti rówó.

Ẹ má fi paraga rọ́pò ẹ̀. Ẹ má fi ṣíṣà rọ́pò ẹ̀. Ẹ má mu àgbo tí wọ́n fi ògógóró sè. Ọtí tún ń ba ọmọ inú jẹ́ lọ́nà tiẹ̀. Gọ́ọ̀mù àti bàǹdéèjì tó ní níkótíìnì wà, tí dókítà láwọn ilẹ̀ kan máa ń fún aboyún tí ọ̀rọ̀ náà bá le fún, ṣùgbọ́n ẹ má ti ìsọ̀ oníkẹ́míìsì rà á fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí dókítà sọ ọ́.

Bí ẹ bá sì ṣubú lọ́jọ́ kan, igi kan náà ni. Kì í ṣe páálí. Ẹ má ní “ó ti bàjẹ́ ná,” kẹ́ ẹ wá mu márùn-ún sí i. Ẹ dìde, kí wákàtí tó tẹ̀ lé e jẹ́ tuntun. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá bímọ tán náà, ẹ ṣọ́ra gidi, torí ọ̀pọ̀ tó rọ́jú oṣù mẹ́sàn-án ló máa ń padà síbẹ̀ nígbà tí ọmọ kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Níkótíìnì sì ń gba inú wàrà lọ bá ọmọ.

Kẹ́ ẹ sọ fún ọkọ? Àwọn àgbà tó wà ní ọ́fíìsì wa ní kẹ́ ẹ sọ kíá. Èmi ò bá wọn lọ pátápátá. Ẹ̀yin lẹ mọ irú ọkọ tẹ́ ẹ ní. Bó bá jẹ́ ẹni tó máa ń na ọwọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì, àti ẹnì kan nínú ẹbí tó lè dúró tì yín. Bó bá jẹ́ ẹni tó máa ń fetí sílẹ̀, ẹ sọ fún un kí ọjọ́ Ajé tó dé, kó lè mọ̀ pé ìbínú ọ̀sẹ̀ yẹn kì í ṣe tòun.

Ó tún kù nǹkan kan fún gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ò mu sìgá rí tẹ́ ẹ ń rò pé kò kàn yín. Èéfín igi ìdáná náà ń ṣèpalára. N’Ìbàdàn níbí, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Chicago kó 324 aboyún jọ, àwọn tó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n fún apá kan wọn ní sítóòfù tó ń fi ẹ́tánọ́ọ̀lù jó, èyí tí kì í rú èéfín. Nígbà tí wọ́n gbé èsì jáde ní 2017, ìfúnpá àwọn tó gba sítóòfù tuntun dára ju ti àwọn ìyókù lọ nígbà tí oyún ń dàgbà. Ẹ̀yin alákàrà àti ẹ̀yin tó ń dín gààrí, bí ẹ bá lóyún, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ ibi tẹ́ ẹ dáná sí, kí ẹ má tẹrí ba lé èéfín.

Lẹ́tà kejì tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu wá láti ọwọ́ ọ̀gá kan tó ń tún ara mọ́tò ṣe ní Adégbáyì. Ó ní ìyàwó òun lóyún, òun ń mu sìgá, ṣùgbọ́n ojúde lòun ti máa ń mu ún, ṣé ìyẹn ti tó?

Ọ̀gá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè, torí ọkùnrin mélòó ló ń béèrè? Ìta sàn ju inú yàrá lọ, kò sí iyè méjì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ abẹ́ fèrèsé lẹ dúró sí, èéfín á bá fèrèsé wọlé. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyàwó yín máa ń bì nígbà tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn. Kì í ṣe pé ó kórìíra yín. Òórùn ẹ̀ ló wà lára yín, imú aboyún sì mú ju ti ajá ọdẹ lọ. Ẹ̀yin náà ẹ mú ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Kó tó di ọjọ́ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má mu ún nínú ilé, ì báà jẹ́ àlejò, ì báà jẹ́ àǹkú yín láti abúlé. Ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ fọ ẹnu, lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ tó wọlé lọ jẹun. Bí ọmọ bá sì dé, kò gbọdọ̀ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń mu sìgá. Ẹ wá àga tàbí ẹní tiyín.